Ọmọ Ibi Ooru Lórí Yìnyín

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ wa ní Àkúté àti agbègbè rẹ̀

  Eré tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí láàárọ̀ yìí, kò sí ẹni tó ń gbá a ládùúgbò wa. Odò Ògùn tó gba ẹ̀yìn Àkúté kọjá kò dì rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Họ́kì orí yìnyín ni eré náà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ àwọn kan á ti wà lára rédíò báyìí, wọ́n fẹ́ yí i sí ibòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ eré yìí gbá jù lọ láyé, Adékúnlé wà nínú orúkọ rẹ̀. Òmíràn tó gba ife tó ga jù lọ nínú eré náà lọ́dún 2024, ọmọ bíbí Amẹ́ríkà ni, Nàìjíríà sì ni bàbá rẹ̀ ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Ènìyàn mẹ́fà ló ń dúró fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí pápá, aṣọ́lé wà nínú mẹ́fà náà. Pápá Amẹ́ríkà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 200, ó fẹ̀ ní 85, yìnyín ló sì bò ó láti orí dé ìdí. Irin pẹlẹbẹ tó mú ló wà nídìí bàtà tí wọ́n ń wọ̀, òun ni wọ́n fi ń yọ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀ lórí yìnyín. Bọ́ọ̀lù kọ́ ni wọ́n ń gbá. Rọ́bà dúdú róbótó kan ni, íǹṣì mẹ́ta ní fífẹ̀, íǹṣì kan ní nínípọn, pọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Inú fírísà ni wọ́n máa ń kó pọ́ọ̀kì sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí bí kò bá tutù dáadáa, yóò máa ta pọ́un pọ́un káàkiri. Ọ̀pá gígùn tó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi ń gbá a. Ogún ìṣẹ́jú lọ́nà mẹ́ta ni eré kan. Eré náà le débi pé eléré kì í sábà lò tó ìṣẹ́jú kan lórí pápá kó tó sáré jáde, kí ẹlòmíràn sì bọ́ sí ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í dá eré dúró nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ yóò lọ jókòó sínú àgọ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá fún ìṣẹ́jú méjì, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì fi ènìyàn kan dín.

Líìgì tó ga jù lọ ni National Hockey League, tí wọ́n ń pè ní NHL. Ìlú Montreal ní Kánádà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1917, ẹgbẹ́ 32 ló sì wà nínú rẹ̀ báyìí ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ife tí wọ́n ń dù ni Stanley Cup, tí gómìnà àgbà Kánádà nígbà náà, Lord Stanley, fi ta wọ́n lọ́rẹ lọ́dún 1892. Orúkọ àwọn eléré tó bá gbà á ni wọ́n máa ń fín sára ife náà gan-an, ọdọọdún.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìnyín. Èrò ọ̀pọ̀ wa ni pé òtútù ló ń bí eré yìí, pé ẹni tí Ọlọ́run kò bá fi sí ibi òtútù kò nípìn-ín nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta mínírà àti omi tútù mọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe áìsì bílọ́ọ̀kù. Omi iyọ̀ ló wà nínú ọpọ́n ńlá níbẹ̀. Ẹ̀rọ á mú omi iyọ̀ náà tutù kọjá ibi tí omi lásán ti ń dì, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò ní jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dì. Wọ́n á wá ki agolo onírin tó kún fún omi lásán bọ inú rẹ̀, wọ́n á dé e. Bí wákàtí bá ti gorí wákàtí, omi inú agolo á gan, á di funfun láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Bí wọ́n bá yọ agolo jáde, wọ́n á da omi lé e lẹ́yìn kí bílọ́ọ̀kù lè já bọ́. Iṣẹ́ kan náà ló wà lábẹ́ pápá họ́kì. Páìpù ni wọ́n tẹ́ sínú kọnkéré ilẹ̀, omi iyọ̀ tútù tàbí kẹ́míkà mìíràn ń gba inú páìpù kọjá tọ̀sántòru, wọ́n á wá máa fọ́n omi sórí kọnkéré náà díẹ̀díẹ̀, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi nípọn tó nǹkan bí íǹṣì kan. Íǹṣì kan péré. Orí rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin tó sanra, tó wọ ìhámọ́ra, ń sáré kọlu ara wọn.

Ọkùnrin tó ṣe ẹ̀rọ tí gbogbo ayé fi ń tún ojú yìnyín ṣe láàárín eré, Frank Zamboni lorúkọ rẹ̀. Áìsì bílọ́ọ̀kù ni òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń ṣe tà ní Paramount, ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí oòrùn ti ń ràn bíi tiwa. Nígbà tí fíríìjì wọ ilé oníkálukú, ọjà bílọ́ọ̀kù dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ, wọ́n ní ìmọ̀, wọn kò ní oníbàárà mọ́. Ni wọ́n bá fi ẹ̀rọ àti ìmọ̀ náà kọ́ pápá yìnyín lọ́dún 1940, kí àwọn ènìyàn máa sanwó wá yọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tún ojú yìnyín ṣe tán, Zamboni sì ń ro bí yóò ṣe mú un yá. Lọ́dún 1949 ó parí ẹ̀rọ tó ń fá ojú yìnyín, tó ń fọ̀ ọ́, tó sì ń da omi tuntun lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ yẹn káàkiri ayé dòní. Oníbílọ́ọ̀kù ni, ẹ̀yin ará mi.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ bíbí Amẹ́ríkà. Kánádà ló ni eré náà, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn dù ú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ Kánádà ló kún inú NHL fọ́fọ́, kódà nínú àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Boston, New York, Chicago àti Detroit. Ọmọ Amẹ́ríkà tó bá rọ́nà wọlé á dà bí àlejò ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìlú kékeré kan ló kọ́kọ́ dá yàtọ̀: Eveleth ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ìlú àwọn awakùsà irin. Wọ́n kọ́ pápá yìnyín onílé sí ìlú náà, àwọn ọmọ awakùsà sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni Frank Brimsek ti jáde, aṣọ́lé tó wọ Boston lọ́dún 1938, tí wọ́n fi ń pè é ní Mr. Zero nítorí pé pọ́ọ̀kì kì í kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀yẹ aṣọ́lé tó dára jù, ó gba ti eléré tuntun tó dára jù, ó sì gba Stanley Cup. Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ọlá fún àwọn akọni họ́kì tiwọn, Eveleth yìí náà ni wọ́n kọ́ ọ sí, lọ́dún 1973.

Ọjọ́ tí gbogbo Amẹ́ríkà dìde sí eré yìí ni ọjọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 1980. Ìdíje Òlíńpíìkì ni, ní Lake Placid. Àwọn ará Soviet ni wọ́n ń bẹ̀rù nígbà náà, àgbà ọ̀jẹ̀ tó ti gba wúrà léraléra. Àwọn ọmọ yunifásítì ni Amẹ́ríkà kó jọ, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Herb Brooks, sì jẹ́ ọmọ St. Paul ní Minnesota. Méjìlá nínú ogún eléré rẹ̀ ló jẹ́ ọmọ Minnesota. Wọ́n lu Soviet mọ́lẹ̀, 4 sí 3, wọ́n sì lọ na Finland lẹ́yìn ọjọ́ méjì láti gba wúrà. Ọmọdé tó wo ìdíje yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, òun ló dàgbà di eléré ọdún 1990.

Nínú ìran yẹn ni Mike Modano wà, ọmọ Michigan, tí wọ́n kọ́kọ́ mú ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun lọ́dún 1988. Góòlù 561 ló gbá wọlé nínú NHL, pọ́ìntì rẹ̀, ìyẹn góòlù tó gbá àti èyí tó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti gbá, sì tó 1,374. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí ọmọ bíbí Amẹ́ríkà tó bá a dọ́gba. Brian Leetch wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sí Texas, tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀yẹ eléré tó ta yọ jù nínú ìdíje Stanley Cup, lọ́dún 1994. Chris Chelios wà níbẹ̀, ọmọ Chicago, tó gbá eré títí ó fi lé ní ogójì ọdún dáadáa. Lẹ́yìn wọn ni Patrick Kane, ọmọ Buffalo, tó gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú Chicago: 2010, 2013 àti 2015. Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn. Cammi Granato, ọmọ ìpínlẹ̀ Illinois, ni kápítéènì ẹgbẹ́ obìnrin Amẹ́ríkà tó gba wúrà ní Nagano lọ́dún 1998, nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gba họ́kì obìnrin wọ Òlíńpíìkì.

Bí ẹ bá bi mí pé ta ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, Joe Mullen ni n ó dárúkọ. Àdúgbò àwọn tálákà nínú New York, tí wọ́n ń pè ní Hell's Kitchen, ni wọ́n bí i sí. Kò sí yìnyín níbẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò. Bàtà onítáyà ló fi kọ́ họ́kì lórí kọnkéré ọgbà ilé ìwé. Téèpù dúdú tí àwọn oníná mànàmáná fi ń dì wáyà ni wọ́n ń ká róbótó, wọ́n á máa fi ọ̀pá gbá a kiri. Ọmọ yẹn ló di ọmọ bíbí Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gbá góòlù 500 wọlé nínú NHL, lọ́dún 1997. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi ọ̀rá àti okùn dì bọ́ọ̀lù, ẹ gbọ́ ọ.

Ẹ tún gbọ́ ti Auston Matthews. California ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1997, Arizona ló sì dàgbà sí. Aṣálẹ̀ ni Arizona. Ooru ibẹ̀ ju tiwa lọ dáadáa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ọ̀dà títì á máa rọ̀ lábẹ́ bàtà. Ẹgbẹ́ NHL kan ṣí lọ sí Phoenix lọ́dún 1996, pápá yìnyín sì ń bẹ nínú ìlú, ibẹ̀ ni Matthews kékeré ti rí eré náà. Ìyá rẹ̀ ọmọ Mẹ́síkò ni. Kò sí ẹni tí ì bá sọ pé ilé bẹ́ẹ̀ ni akọni họ́kì yóò ti jáde. Lọ́dún 2016, òun ni wọ́n mú ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ tó wọ NHL, góòlù mẹ́rin ló sì gbá wọlé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bọ́ sórí pápá fún Toronto. Ní sáà 2023 sí 2024, góòlù 69 ló gbá wọlé. Kò sí ọmọ bíbí Amẹ́ríkà tó ṣe irú rẹ̀ rí nínú sáà kan. Ọmọ aṣálẹ̀ ló ṣe é, torí pé pápá wà nítòsí, àwọn òbí rẹ̀ sì ń gbé e lọ síbẹ̀.

Àwọn aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Ọjọ́ 18, oṣù kìíní, ọdún 1958 ni ẹni wa àkọ́kọ́ bọ́ sórí pápá NHL, Willie O'Ree, ọmọ Kánádà, fún Boston. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́ nígbà náà, ó sì fi í pamọ́ fún gbogbo ènìyàn, torí bí wọ́n bá mọ̀, wọn kò ní jẹ́ kó gbá. Ó tó ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn rẹ̀ kí aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tó débẹ̀. Val James ni. Ocala, ní Florida olóoru, ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ sì kó lọ sí Long Island lẹ́bàá New York. Bàbá rẹ̀ ríṣẹ́ ní ilé pápá yìnyín kan níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni James kó tó ní bàtà yìnyín tirẹ̀, ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń yọ̀ láti kékeré. Bí kò bá jẹ́ pé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn pápá fún un, mo rò pé a kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀. Buffalo ló kọ́kọ́ gbá fún nínú NHL. Èébú tí àwọn òǹwòran máa ń bú u le ju ohun tí ẹnu lè sọ lórí rédíò lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mike Grier, ọmọ bíbí Detroit, gbá eré 1,060 nínú líìgì náà. Lọ́dún 2022 ló di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà tó ń ṣàkóso eléré fún ẹgbẹ́ NHL kan, ní San Jose.

Ọ̀dọ̀ tiwa gan-an ni mo ń bọ̀ wàyí. Kyle Okposo, St. Paul ní Minnesota ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1988, ìlú Herb Brooks tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Nàìjíríà ni Kome bàbá rẹ̀ ti lọ, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Bàbá tó ti ibi bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lọ, ọmọ rẹ̀ ń fọwọ́ rọ́ ọ̀pá lórí yìnyín! Ní Minnesota, pápá yìnyín ìta wà ní gbogbo àdúgbò nígbà òtútù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹgbẹ́ New York Islanders mú un ní ipò keje nínú gbogbo ọ̀dọ́ lọ́dún 2006. Lọ́dún 2008 ló bọ́ sí NHL. Lọ́dún 2016, Buffalo fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún méje fún un, mílíọ̀nù 42 dọ́là.

Owó yẹn kò jẹ́ kí n gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà ìrúwé ọdún 2017. Ìkọlù kékeré kan lásìkò tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò ló mì ọpọlọ rẹ̀. Kò tiẹ̀ ṣubú. Ṣùgbọ́n oorun sá lójú rẹ̀, kò lè jẹun, ó ń rù, ọkàn rẹ̀ sì ń dà rú. Wọ́n gbé e wọ wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn ọpọlọ wọn le ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ jáde fún gbogbo ayé kà, bí ẹ̀rù ṣe bà á, bó ṣe wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́. Mo kà á sí akin ju ẹni tó gbá góòlù lọ. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá forí gbá orí ọmọ mìíràn lórí pápá bọ́ọ̀lù, tó ní orí ń fọ́ òun, tàbí tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó ń bì, ẹ má fi omi tútù pa á lórí kí ẹ sì ní kó padà wọlé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Okposo padà sórí yìnyín ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Buffalo fi í ṣe kápítéènì. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì láì gba ife rí, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Florida. Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹfà ọdún náà, Florida na Edmonton ní 2 sí 1 nínú eré keje, ìyẹn eré àṣekágbá, Okposo sì gbé Stanley Cup sókè. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn oṣù díẹ̀, eré 1,051 ló gbá. Góòlù 242 ló gbá wọlé.

Ẹni tí mo ní Adékúnlé wà nínú orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Jarome Arthur-Leigh Adekunle Tig Junior Elvis Iginla. Ọmọ bíbí Edmonton ní Kánádà ni, lọ́dún 1977, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, Susan, ọmọ Oregon ní Amẹ́ríkà ni, nítorí náà mo ní ẹ̀tọ́ láti mú un wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà lọ sí Kánádà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó sọ orúkọ rẹ̀ di Elvis níbẹ̀, ó kẹ́kọ̀ọ́ di lọ́yà. Àwọn òbí Jarome tú ká nígbà tó ṣì wà ní ọmọ ọwọ́, ìyá rẹ̀ àti àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní St. Albert. Bàbá ìyá rẹ̀ ló ń gbé e lọ sí pápá yìnyín. Aṣọ́lé ló kọ́kọ́ jẹ́, torí pé Grant Fuhr, aṣọ́lé aláwọ̀ dúdú tó ń gba ife léraléra fún Edmonton, ni ojú rẹ̀ ń wò. Bí àwọn ọmọdé kan bá ní aláwọ̀ dúdú kì í dé NHL, ó ní ẹni tó lè fi dá wọn lóhùn.

Iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe pọ̀. Eré 1,554, góòlù 625, pọ́ìntì 1,300. Ìdá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Calgary ló ṣe é fún. Ní sáà 2001 sí 2002, góòlù 52 rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú líìgì, pọ́ìntì 96 rẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Láàárín sáà yẹn náà ni Òlíńpíìkì wáyé ní Salt Lake City, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ti di àádọ́ta ọdún tí Kánádà kò gba wúrà họ́kì. Àwọn àti Amẹ́ríkà ló jọ dé àṣekágbá, ọjọ́ 24, oṣù kejì, 2002. Kánádà gbá márùn-ún wọlé, Amẹ́ríkà gbá méjì, méjì nínú márùn-ún náà sì jẹ́ ti Iginla. Kò sí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kankan tó gba wúrà Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ṣáájú rẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní Vancouver, orílẹ̀-èdè méjèèjì tún pàdé ní àṣekágbá. Ó di 2 sí 2, wọ́n fi àkókò kún un. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá wọlé ló ni wúrà. Iginla wà lẹ́bàá ògiri pápá pẹ̀lú pọ́ọ̀kì lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà kan ń fà á lulẹ̀. Sidney Crosby kígbe pè é láti àárín, "Iggy!" Iginla kò rí i dáadáa, ó ti ń ṣubú lọ, ó fi ọ̀pá taari pọ́ọ̀kì síbi tó ti gbọ́ ohùn. Ó kan ọ̀pá Crosby, Crosby sì fi sáwọ̀n. Gbogbo Kánádà ń kígbe orúkọ Crosby títí dòní. Èmi, mo máa ń wo ẹni tó wà nílẹ̀ yẹn.

Kò gba Stanley Cup rí. Ó sún mọ́ ọn lọ́dún 2004 gẹ́gẹ́ bí kápítéènì Calgary, Tampa Bay gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú eré keje. Ó dùn ún, ó sì dun àwa náà. Ṣùgbọ́n wọ́n so nọ́mbà 12 rẹ̀ rọ̀ sókè ní Calgary lọ́dún 2019, ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n sì yàn án sí Gbọ̀ngàn Ọlá Họ́kì lọ́dún 2020, ọdún àkọ́kọ́ tí òfin gbà wọ́n láyè láti yàn án. Nígbà tó ń gbá fún Calgary, góòlù kọ̀ọ̀kan tó bá gbá wọlé, ó máa ń fi owó sílẹ̀ fún àjọ KidSport, tó ń sanwó eré ìdárayá fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó.

Àwọn méjì kan wà tí a bí sí Nàìjíríà níbí. Rumun Ndur, Zaria ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1975, ó sì gbá fún Buffalo, New York Rangers àti Atlanta. Akim Aliu, ní Òkènè, lọ́dún 1989. Bàbá rẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, ìyá rẹ̀ ọmọ Ukraine. Kyiv ló kọ́kọ́ gbé, kí wọ́n tó kó lọ sí Toronto. Owó kò sí nílé, bàtà àlòkù ni wọ́n rà fún un, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ó dé NHL, eré méje péré ló gbá níbẹ̀. Ní ọdún 2019 ló sọ ọ́ síta pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ti pe òun ní orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n ń pe aláwọ̀ dúdú, níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Aliu àti àwọn eléré mìíràn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti irú ìwà bẹ́ẹ̀ nínú họ́kì. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ sọ wúlò ju góòlù lọ.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ kọ́ pápá yìnyín sí Àkúté. Iná tí yóò máa jẹ, a mọ bí iná ṣe rí. Wọ́n kọ́ ọ ní Nairobi ṣá o, nínú hòtẹ́ẹ̀lì Panari, àwọn ọ̀dọ́ Kenya sì dá ẹgbẹ́ họ́kì tí wọ́n ń pè ní Ice Lions sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń ká mi lára ni pápá lásán. Ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lé lórí ní Àkúté, ní Lámbẹ̀, ní Ìbafò, púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì ni a ń tà á. Ilé ìwé aládàáni rẹpẹtẹ ló wà lójú pópó wa tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ń to ìlà láàárọ̀ náà ni ọmọ á ti sáré, á ti fò, bí mọ́tò ọ̀gá bá sì wà níbẹ̀, kò ní sáré rárá. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ẹbí tó ni ilẹ̀, púlọ́ọ̀tì mẹ́rin péré tí ẹ bá fi sílẹ̀, tí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ṣeé tà, ẹ ti ṣe ohun tí àwọn awakùsà Eveleth ṣe. Kí àgbàlagbà kan tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ wà níbẹ̀ lálẹ́ Sátidé, kí ó máa wò wọ́n. Bàbá ìyá Iginla kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó kàn ń gbé ọmọ náà lọ ni.

Iginla ní ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn ló gbá họ́kì. Jade, tó jẹ́ obìnrin, gbá a ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà. Èyí ọkùnrin àgbà, Tij, wọ́n pè é jáde ní ọjọ́ 28, oṣù kẹfà, ọdún 2024, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí Okposo gbé ife. Utah, ẹgbẹ́ tuntun tí kò tíì gbá eré kankan nígbà náà, ló mú un ní ipò kẹfà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà mú láti inú àwọn ọ̀dọ́. Las Vegas ni ètò náà ti wáyé, láàárín aṣálẹ̀ Nevada, nínú oṣù tí ooru ibẹ̀ máa ń mú gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run, a ó sọ̀rọ̀ lórí Seun Adigun, ọmọ bíbí Chicago, tó fi pákó kan ọkọ̀ yìnyín ìdánrawò fúnra rẹ̀, tó sì kó àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Korea lọ́dún 2018. Ẹ pe àwọn ọmọ yín jókòó sídìí rédíò.